Igi Súyà Kẹta

Alága, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò ní í bọ́ síwájú. Ibi tí mo dúró sí yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó mi, ni mo ti fẹ́ ka ìwé mi. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ẹ̀yin ará mi, ẹ má yìn mí mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ìyìn yẹn ti sú mi, ó há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Èmi Mùíbì, oníṣẹ́ táìsì ilẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Mpape ní Àbújá, èmi tí ẹ ń pè ní ọkọ àtàtà nínú ìpàdé yìí, tí àwọn ìyàwó yín fi ń gún yín lára nígbàkígbà tí ẹ bá jọ ń jà, òtítọ́ ọ̀rọ̀ mi gbọ́dọ̀ jáde lónìí, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú o. Ara mi le koko, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú jù, nítorí ohun tí mo fi ẹnu ara mi jẹ, ojú ẹlòmíràn ló fọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún, kò ju ọdún méjì àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bí ọdún méjì ṣe gùn tó fún ẹni tó ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ mọ Waliyat, ìyàwó mi, òun ló jókòó yìí. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán fún àwọn ọmọ Mpape, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í sinmi. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni bí ó ṣe ń pín owó. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù, tí Hikmah ọmọ wa bá ti lọ ilé-kéwú, Waliyat á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, á to agolo mílíìkì márùn-ún sórí rẹ̀. Hikmah ló kọ orúkọ wọn sí wọn lára: Ilé, Ìwé, Oúnjẹ, Ẹran, Ojú. Ilé ni owó onílé. Ìwé ni owó ilé-ìwé Hikmah. Oúnjẹ àti Ẹran ò gba àlàyé. Ojú ni owó oògùn tí Waliyat ń kán sójú, nítorí ó ti tó ọdún márùn-ún tí dókítà ti sọ fún wa pé ó ní àìsàn ojú kan tí wọ́n ń pè ní gulukóómà. Àìsàn burúkú ni. Kì í dun ni, kì í pọ́n lójú, ṣe ló kàn ń jí ìríran ènìyàn kó díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti jí kó kì í dá a padà, ṣùgbọ́n oògùn ìgò kékeré kan wà tó ń dá a dúró. Ìgò kan lóṣù, kí ó máa kán an ní gbogbo alẹ́, kó má fo ọjọ́ kan.

Èmi á kó owó iṣẹ́ mi lé orí ẹní, òun á kó tirẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni á máa mú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, á máa bi í léèrè bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ pé, "Ìwọ ẹgbẹ̀rún yìí, níbo lo ti máa dùn jù?" Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní, "Ìyá Hikmah, owó kì í fèsì." Á ní, "Ó ń fèsì, Bàbá Hikmah, ẹ̀yin ni ẹ ò dẹtí sí i. Agolo tó bá ti fẹ́ yó, bí ẹ bá tún bu owó sí i, kò ní í dùn mọ́ ọn bí ó ṣe máa dùn mọ́ èyí tí ebi ń pa. Agolo tó bá ń ké jù ni kí ẹ bu sí, títí igbe gbogbo wọn á fi dọ́gba. Owó ò lè tó láé. Ibi tó ti máa dùn jù là ń wá." Bẹ́ẹ̀ ni á máa gbé ẹgbẹ̀rún láti inú Ìwé sínú Oúnjẹ, á tún yọ ọ́ padà, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ nǹkan. Mo ti tẹ́ táìsì sílé ọ̀jọ̀gbọ́n kan rí ní Maitama, ìwé nípa bí ayé ṣe ń náwó ló kún pálọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ owó pín bíi Waliyat. Àbùkù kan ṣoṣo ni ìpín rẹ̀ ní: ó gbà pé ohun tó wà lórí ẹní ni gbogbo ohun tí a ní.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Owó iṣẹ́ wà, èyí tí onílé ń san. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú onílé lọ ra táìsì, bó bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, oníṣọ́ọ̀bù á fi nǹkan sí mi lọ́wọ́. Kọmíṣọ̀n ni. Oṣù mìíràn wà tí kọmíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kó lé orí ẹní. Àbdùlràhmọ̀n tó ń ṣe páìpù omi, tí a jọ máa ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà, ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan, ló bá pàtẹ́wọ́. "Kai! Mùíbì, you dey tell madam everything? Workmanship, owó iṣẹ́, ni kó o gbé lọ sílé, jàre. Kọmíṣọ̀n, that one na your own. Owó tí ò bá gba ẹnu ọ̀nà ilé wọlé, kì í ṣe owó ilé." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má lọ wá Àbdùlràhmọ̀n rárá, ọ̀rọ̀ lásán ló sọ, ó sì ti kó lọ sí Kabusa. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Nígbà tí owó epo fò sókè, tí gbogbo nǹkan sì bá a fò, agolo Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn yòókù mì. Ẹran inú ọbẹ̀ mi kéré títí ó fi dà bí àwọn bọ́tìnnì tí Waliyat ń rán mọ́ aṣọ. Mo wò ó lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Èmi tí mo ti wà lórí eékún lórí sìmẹ́ǹtì láti àárọ̀! Bọ́tìnnì! Mi ò bi ara mi pé bọ́tìnnì mélòó ló wà nínú àwo Waliyat. Kò sí ọ̀kan. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àwo tèmi nìkan ni mò ń wò, ojú mi méjèèjì sì dá ṣáká.

Lọ́jọ́ kejì, oníṣọ́ọ̀bù fún mi ní kọmíṣọ̀n. Nígbà tí mo dé ìkóríta tí a ti ń wọ ọkọ̀ Mpape, iná Mallam Garba onísúyà ti ń jó. Ó rí mi, ó juwọ́. "Alhaji, sànnu! Well done o. Make I cut small?" Mi ò lọ Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ó pè mí ní Alhaji, mo sì dáhùn. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òtítọ́ la wá sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: igi àkọ́kọ́ dùn. Ọ̀rá rẹ̀ ń dán, ata yájì rẹ̀ ta mí lẹ́nu dáadáa, àlùbọ́sà rẹ̀ tutù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Igi kejì náà dára. Igi kẹta, owó wà lápò mi ni mo ṣe jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, igi mẹ́ta mẹ́ta, ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Màá fi omi yọ ẹnu, màá jẹ orógbó kí òórùn yájì má bàa bá mi wọlé, màá sì gun òkè Mpape bí ẹni tí ebi ń pa.

Ní báyìí, ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ gbogbo wa, bàbá kì í jẹ ẹran rẹ̀ tán. Ọmọ tó bá gbé àwo bàbá kúrò nílẹ̀ ló ni àjẹkù, ìyá á sì ti ẹ̀yìn wo àwo yẹn kó lè mọ ohun tó wà nínú ọkọ rẹ̀. Bí àwo bá mọ́, ebi pa á. Bí ẹran bá ṣẹ́ kù, ó ro ti ọmọ. Ẹ̀yin ìyá mọ bí a ṣe ń ka àwo. Ó wá di pé èmi á délé, Waliyat á gbé oúnjẹ síwájú mi, ikùn mi á ti kún. Màá bu ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mẹrin, màá tì í sẹ́yìn, odindi ẹran á wà nínú ọbẹ̀. Waliyat á ní, "Bàbá Hikmah, ẹ ò jẹun o." Màá ní, "Jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ́." Irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa o, mo ti yó ni! Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, mo rí i tó dojú kọ ògiri, tó ń fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Ọlọ́run ló fún mi ní ọkọ." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́, mo sì gbádùn rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún Lateefah tí a jọ ń gbé inú kọ́ńpáùndù. Lateefah sọ ọ́ fún gbogbo Mpape. Ó dé etígbọ̀ọ́ yín. Alága wa, Alhaji Jàbárù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ dìde nínú gbọ̀ngàn yìí lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ní, "Ẹ wo Mùíbì, ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹran." Kí ni mo ṣe? Mo dìde! Mo dọ̀bálẹ̀! Mo ní kí ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ẹ jọ̀ọ́, irú ènìyàn wo nìyẹn? Ó ṣeé ṣe kí èérún súyà ṣì wà nínú eyín mi bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ yẹn. Ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀, ojú máa ń tì mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ẹran inú àwo mi ń tóbi sí i. Mo rò pé aṣọ ilé-ìwé ló ń tà. Mi ò béèrè. Mo fi í sílẹ̀ fún Hikmah, Hikmah jẹ ẹ́. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó tún tóbi sí i, mo tún fi sílẹ̀. Bí mo ṣe ń fi sílẹ̀ ni ó ń tóbi, bí ó ṣe ń tóbi ni mò ń fi sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń yọ, ìyá rẹ̀ sì ń ṣe nǹkan tí mi ò mọ̀: tí a bá ti pín owó tán, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, Waliyat á yọ nínú agolo Ojú, á bu ú sínú agolo Ẹran. Ó ń wá ẹran tó máa tóbi débi pé màá jẹ nínú rẹ̀ kí n tó rántí ọmọ. Ó kọ́kọ́ ń fi ìgò oògùn kan lo oṣù méjì. Ó fi òmíràn lo oṣù mẹ́ta. Nígbà tó yá, kò rà á mọ́.

Àmì wà ní gbogbo ilé, èmi ni mi ò kà á sí. Hikmah ló wá ń bá ìyá rẹ̀ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Waliyat ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn, á sì máa bá férémù jà pé ta ló sún un. Ó rán àpò mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ kan ní ìdojúdé, ìyá ọmọ náà wá pariwo lé wa lórí. Lọ́jọ́ kan mo ń wá ìṣáná lójú fèrèsé, ọwọ́ mi ba ìgò oògùn ojú. Mo gbọ̀n ọ́n. Ó ti gbẹ, eruku ti bò ó. Mo ṣí agolo Ojú wò, òfìfo ni. Mo ṣí agolo Ẹran, owó wà níbẹ̀. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò le. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun gbogbo tí ẹ mọ̀ báyìí.

Ó yẹ kí ìtàn mi parí síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ ènìyàn. Mo fi ìgò gbígbẹ náà sápò, mo lọ síbi iṣẹ́, mo sì búra pé mo máa ra òmíràn bọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógún ni kọmíṣọ̀n tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà. Ilé oògùn kan dojú kọ ibi tí Mallam Garba ti ń sun ẹran, títì ló pín wọn níyà. Mo wọlé, mo fi ìgò han ọmọbìnrin tó ń tajà. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni. Igi súyà ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará, ẹgbẹ̀rún kan ni igi kọ̀ọ̀kan nígbà náà! Ó gbé oògùn náà síwájú mi. Mo ti yọ owó. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Waliyat létí mi bí ìgbà tó bá ń pín owó, ó ní, "Bàbá Hikmah, owó wo lẹ fi rà á? Ṣebí gbogbo owó wa la jọ pín?" Kí ni màá sọ? Bí mo bá ní mo yá a, ó máa béèrè lọ́wọ́ ta ni. Bí mo bá ní wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, ó máa lọ kí ẹni náà, mo mọ̀ ọ́n, ó máa gbé gaàrí lọ kí i! Ìyìn yín ń dùn mọ́ mi, mi ò fẹ́ kó lọ. Mo ní kí ọmọbìnrin náà bá mi fi oògùn pa mọ́, pé mò ń bọ̀. Mo sọdá títì. Mallam Garba ní, "Alhaji, as usual?" Mo ní as usual. Mo jẹ igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìdúró, ìgò gbígbẹ yẹn sì ń gbá mi nítan nínú àpò ṣòkòtò. Mi ò padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀la. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń jẹ mẹ́ta ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin yẹn ni ọ̀kadà gbá Waliyat. Apá òsì ló ti wá. Kò ṣèṣe púpọ̀, ìgúnpá rẹ̀ ló bó, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun kan náà ṣáá pé òun ò rí i, òun ò rí i rárá. Ní ọsibítù, dókítà tó ń di ìgúnpá rẹ̀ fura, ó ní kí a lọ sí ẹ̀ka ojú. Dókítà ojú tó wà níbẹ̀, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Kàbà, bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó na ìka sókè, ó ní, "Mama, mélòó nìyí?" Waliyat wo ibi tí kò sí ìka. Dókítà jókòó. "Mama, left eye yìí ti lọ o. Kò lè padà mọ́. Ọ̀tún ló kù, òun náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ń kán oògùn yín daily, it will stay. Kí ló dé tí ẹ stop?" Waliyat ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Owó ni, dókítà." Ó ń bo àṣírí mi! Àṣírí tí kò mọ̀ pé mo ní!

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo bi í, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, pé ibo ni owó agolo Ojú lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Hikmah. Ẹni tó ń gbé táìsì láti àárọ̀, tó ń wálé wá fi ẹran sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa ṣubú lójú iṣẹ́. Mo mú owó oògùn lọ́wọ́, mo bi í níbo ló ti máa dùn jù. Ó ní ẹnu yín ni." Mo fi ọwọ́ bo ojú, ó sì rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí, ó wá ń bẹ̀ mí!

Ẹ máa rò pé mo jẹ́wọ́ níbẹ̀. Rárá o. Ọ̀lẹ ni mí, ọgbọ́n ni mo tún fẹ́ dá. Mo fi súyà sílẹ̀, mo ń gba ọ̀nà mìíràn kí Mallam Garba má bàa rí mi. Mo ń kó gbogbo kọmíṣọ̀n wálé, mo ní iṣẹ́ ló ń pọ̀ sí i. Mo ń jẹ oúnjẹ mi tán, mo ń jẹ ẹran mi, mo ń lá àwo, kí ó lè rí i pé kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Waliyat rí nínú àwo tó mọ́! Ó sọ fún Lateefah pé, "Ṣé o rí i? Ebi ti ń pa ọkùnrin yìí tipẹ́, ó ń fi ara dà á ni." Ẹ gbà mí o! Bí mo bá jẹ ẹ́, ebi ń pa mí. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, mò ń fi ebi pa ara mi. Irọ́ mi ti wọ inú ìṣirò rẹ̀, kò sì sí iye owó tí mo lè kó lé ẹní tó máa bá mi yọ ọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá, a pín owó. Owó oògùn oṣù náà ti pé nínú agolo Ojú. Waliyat mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta níbẹ̀, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Dókítà ní daily, ṣùgbọ́n tí mo bá fo ọjọ́ kan, ọjọ́ kan..." ó sì na ọwọ́ sí agolo Ẹran. Mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní, "Ìyá Hikmah, ebi ò pa mí rí."

Mo sọ ọ́ lórí ẹní yẹn, gbogbo rẹ̀: kọmíṣọ̀n, Mallam Garba, orógbó, ilé oògùn, igi mẹ́ta. Waliyat ń fi ìka kan àwọn agolo lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá èyí tó sọnù. Mo rò pé á pariwo. Mo fẹ́ kó pariwo. Nígbà tí mo sọ tán, ó bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo. "Súyà náà, ṣé ó dùn?"

Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo fẹ́ sọ pé kò dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi. Mo ní, "Igi àkọ́kọ́ dùn. Ìkejì náà dùn díẹ̀. Ìkẹta, mo kàn ń jẹ ẹ́ ni."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Igi kẹta yẹn, ojú mi ni." Lẹ́yìn náà ló da gbogbo owó agolo Ẹran sínú agolo Ojú, ó sì fi ìdérí dé e. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní òun ò tíì dé ibẹ̀. Ó ní ìyìn tí mo gbà láìtọ́, kí n kọ́kọ́ lọ dá a padà síbi tí mo ti gbà á, lójú gbogbo ènìyàn, kí n má sì ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá mi kà á, pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń ka ìwé yìí fún yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéyàwó, ẹ gbọ́ o. Kò sí ẹni tí owó tó nínú ìlú Àbújá yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ bá ní, ẹ kó o lé orí ẹní, kí ẹ sì sọ ibi tí ebi ti ń pa yín àti ibi tí ẹ ti yó. Ẹni tí ẹ bá fi ìdajì pa mọ́ fún lè mọ ìpín ju ẹnikẹ́ni lọ, á sì pín in dáadáa, á fi ojú ara rẹ̀ ra ẹran fún ẹni tó ti yó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí fún ìyìn tí mo jẹ. Waliyat, mi ò ní í tún bẹ̀ ọ́ lónìí, ìgbàkígbà tó o bá dé ibẹ̀, wàá sọ fún mi. Gbogbo alẹ́ ni mò ń kán oògùn rẹ fúnra mi báyìí, mi ò sì tíì fo ọjọ́ kan. Alága, ẹ ní kí n bọ́ síwájú, mi ò bọ́ síwájú. Bí mo bá dúró níwájú níbẹ̀ yẹn, apá òsì rẹ̀ ni màá wà, kò ní í rí mi. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo dúró sí, kó lè máa wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.